Ààbọ̀ Àpò Ìrẹsì: Ọ̀ràn Owó Yàrá Kan ní Abúlé Ọjà

Ọmọbìnrin mẹ́rin ló jọ ń gbé yàrá kan ní Abúlé Ọjà, níbi téèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Yunifásítì Èkó ní Àkọkà. Àwọn òbí wọn ti dáwó ilé jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, torí náà owó ilé kò sí nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó dátà àti owó fọ́tókópì ló dá wàhálà sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń fi ìlú pe ara wọn nínú yàrá náà lèmi náà á ṣe pè wọ́n: Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Ọmọ Òṣogbo, Ọmọ Abẹ́òkúta àti Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni tèmi nínú wọn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bí i. Ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ mi nítorí pé àjọ ni mò ń gbà ní Ṣómólú títí wọ Bàrígà, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi. Gbogbo wọn ló gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye tó ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù. Ìyá Ọmọ Òṣogbo, tó ń ta àdìrẹ, ń fi ₦60,000 ránṣẹ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń pín in. Ọmọ Abẹ́òkúta wà lórí ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NELFUND. Owó ilé-ìwé rẹ̀ ń lọ tààrà sí àpò ilé-ìwé, ₦20,000 lóṣù sì ń bọ́ sí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fún àtijẹ àtimu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń fi ₦25,000 tì í. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni kò ní ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i. Irun ló ń dì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lóṣù tí iṣẹ́ bá wà, ó lè rí ₦40,000. Lóṣù ìdánwò, tí gbogbo orí bá di wíìgì àti fìlà, ₦15,000 gan-an lè má pé. Bí oṣù bá dáa, ₦195,000 ló ń wọ yàrá yẹn.

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀yáwó yẹn, àwọn òbí kan ní ọjà wa ń pè é ní owó ìjọba, bí ẹni pé ìrẹsì ìbò ni wọ́n pín. Gbèsè ni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Kò ní èlé, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí gbà á padà àfi lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti sin ìlú tán, tó sì ti ríṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Mi ò sọ pé kí ọmọ má gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó iṣẹ́ tí òun ò tíì ṣe lòun ń jẹ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ọmọ Ẹ̀pẹ́ wá bá mi ní Ṣómólú pé kí n yá òun ní ₦5,000. Ọjọ́ 19 oṣù la wà. Mo ní kó jókòó, kó ṣí àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù, ká jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Àǹtí, mi ò mà ná owó kankan o," ló ń wí. "Mi ò ra aṣọ, mi ò lọ òde àríyá. Ẹ wò ó fúnra yín."

Kò sì parọ́. Oúnjẹ sísè tó rà ní búkà àti lẹ́bàá ọ̀nà kó ₦21,400: ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì láàárọ̀, ìrẹsì àti pọ̀nmọ́ lọ́sàn-án, Indomie tí wọ́n sè sínú ike lálẹ́. Ohun tó rà wálé láti sè kò ju ₦7,600 lọ. Kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì inú ọgbà àti dáńfó gba ₦9,200. Dátà ₦5,500, torí láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí owó ìpè àti dátà gòkè, ohun tí ọmọ fi ń ka ìwé lórí fóònù ti wọ́n. Fọ́tókópì ₦3,800. Owó POS àti owó tí báńkì ń yọ tó bá fowó ránṣẹ́, ₦1,150. Ìyókù, ọṣẹ àti àwọn kékèèké mìíràn, ₦1,350. Ẹ rò ó pọ̀, ₦50,000 géérégé ni.

Nínú ìyókù yẹn ni mo ti rí ₦500 kan tí mi ò mọ orí rẹ̀. Mo bi í pé owó kí lèyí.

"Owó tí wọ́n yọ nígbà tí mo fọ́ kóló ni, Àǹtí."

Kóló orí fóònù ni. Lọ́jọ́ kìíní oṣù tí owó wọlé, ó kó ₦10,000 sínú áàpù kan tó ń bá èèyàn ti owó pa. Lọ́jọ́ 13, ebi dé, ó fọ́ ọ, wọ́n sì yọ ₦500 nítorí pé ọjọ́ tó dá kò tíì pé. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ṣáájú náà. Ibi tí ọ̀ràn yìí ti di ọ̀ràn lójú mi nìyẹn. Ọmọ yìí kì í ṣe àpà. Ó ti gbọ́ níbi gbogbo pé kéèyàn kọ́kọ́ fi owó pamọ́ kó tó náwó, ó sì ń ṣe é. Àmọ́ owó tó ń kó sínú kóló kì í ṣe èyí tó ṣẹ́ kù, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kẹta ni. Ó kó oúnjẹ ara rẹ̀ pamọ́, ó wá ń san owó ìtanràn kó tó lè rí i jẹ.

Ọmọ Òṣogbo tiẹ̀ ti gba ọ̀nà tó burú ju ìyẹn lọ. Òun yá ₦15,000 lórí áàpù kan tó ń yáni lówó fún ọ̀sẹ̀ kan. Èlé ti yọ kúrò lára rẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ sì kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀ pé gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn. Ìyá rẹ̀ ló san án. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ojú ṣì ń tì í.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ sí yàrá náà fúnra mi. Gáàsì kan, ìkòkò mẹ́rin. Òróró mẹ́rin nínú ọ̀rá, kálukú so tirẹ̀. Iyọ̀ mẹ́rin, Maggi nínú ọ̀rá mẹ́rin, wọ́n sì fi báírò kọ lẹ́tà orúkọ sí i lára kí ẹnì kan má baà fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ọmọ Abẹ́òkúta ń se ẹ̀wà lọ́wọ́, ẹ̀wà ife kan, gáàsì sì ti jó fún wákàtí kan. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Ọmọ Òṣogbo ń dúró láti gbé ìrẹsì ife kan kaná. Inú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń ra gbogbo rẹ̀, ní ìdíwọ̀n dẹ́ríkà tàbí ìdajì dẹ́ríkà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fara balẹ̀ sí. Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó dín jíjẹ kù, kó má ra súyà, kó má wo fíìmù. Àwọn ọmọ yìí ti dín in kù débi tí kò ṣeé dín mọ́. Ohun tó ń jẹ owó wọn ni pé ìgbà gbogbo ni wọ́n ń fi owó kékeré rajà, ọjà kékeré ló sì wọ́n jù. Lóṣù yẹn, ₦1,700 ni dẹ́ríkà ìrẹsì kan ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ààbọ̀ àpò, kílò 25, jẹ́ ₦38,000 lọ́wọ́ ìyá oníbàárà mi kan ní ọjà Bàrígà. A wọ̀n ọ́ nígbà tí wọ́n rà á, dẹ́ríkà 28 ló jáde. Ká ní ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n rà á, ₦47,600 ni ì bá jẹ́. ₦9,600 nìyẹn, lórí ìrẹsì nìkan, kò sì sẹ́ni tó fi ebi pa ara rẹ̀ kó tó rí i. POS náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gba ₦2,000 tí wọ́n sì gba ₦100 lọ́wọ́ rẹ̀ ti san náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń ṣe é lóṣù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ATM báńkì tirẹ̀ wà ní ọ̀nà ilé-ìwé, kò sì ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti báńkì ẹlòmíràn gan-an, láti oṣù Kẹta ọdún 2025, ₦100 ni wọ́n ń gbà lórí ₦20,000 bí ẹ̀rọ náà bá wà ní ọgbà báńkì.

Kí ló dé tí wọn ò ti ra ààbọ̀ àpò tipẹ́? Kò sí ẹni tó ní ₦38,000 lẹ́ẹ̀kan náà nínú wọn tí kò ní jẹ́ pé owó oṣù rẹ̀ tán síbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ní in, wọn ò kàn kó o jọ rí ni.

Bí mo ṣe sọ ọ́, kò tètè wọlé. Mo ní kí kálukú mú ₦15,000 wá lọ́jọ́ kìíní oṣù, ₦60,000 nìyẹn, kí wọ́n pè é ní owó ìkòkò, kí ó sì di oúnjẹ kí Sátidé àkọ́kọ́ tó ṣú. Owó tó bá ti di ìrẹsì kò ṣeé fi ra dátà lọ́wọ́ alẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè wá yá a. Ọmọ Òṣogbo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú o, èmi kì í jẹun alẹ́. Ṣé iye kan náà ni gbogbo wa máa dá?" Ọmọ Abẹ́òkúta ní òun náà máa ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò sọ nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lára irun oníbàárà kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà á títí, wọ́n fẹnu kò pé iye kan náà ni, ẹni tó bá lọ sílé lè bu oúnjẹ dání. Òfin kejì ni pé àlejò tó bá fẹ́ jẹun nínú ìkòkò gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan wá, ìbáà jẹ́ ẹyin mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé inú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin rí, ẹ mọ irú àlejò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin yìí. Mo gbọ́ pé ọ̀kan kò padà wá mọ́.

Oṣù Karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì gba ₦38,000, wọ́n fi ₦22,000 tó kù ra ẹ̀wà, gààrí, òróró àti gáàsì. Oṣù Kẹfà kò sí ìrẹsì ní rírà, èyí tí wọ́n ti rà ṣì wà, torí náà ọwọ́ wọn tú sílẹ̀, àṣejù sì wọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́ pé owó tòmátò rọ̀ ní ọjà Mile 12 ju ti Bàrígà lọ, òótọ́ ni. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Ọmọ Abẹ́òkúta jí lọ ní ìdájí, wọ́n bá obìnrin méjì kan tí wọn ò mọ̀ rí pín apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì gbé ìdajì tiwọn wọ dáńfó padà. Ìgbà òjò ni, tòmátò náà ti gba omi. Ilé náà kò ní iná fún ọjọ́ mẹ́ta, gáàsì kò tó láti fi se gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì, omi rẹ̀ ti ń sun wá sí abẹ́ ibùsùn. Wọ́n ṣà á, wọ́n rí bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún kó dà sórí ààtàn. Láti ìgbà náà, ohun gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń rà ní ọ̀pọ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, ẹja gbígbẹ láti Màkókó, ata gbígbẹ. Ata tútù àti tòmátò ń bá owó kékeré lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ata gbígbẹ díẹ̀ ni wọ́n tún ń jù sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́, ìmọ̀ràn ìyá Ọmọ Òṣogbo nìyẹn.

Ohun kejì tí wọ́n dá sílẹ̀ ni èsúsú, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú yàrá náà ká. ₦5,000 lóṣù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 fún ẹni tó bá kàn, oṣù mẹ́rin yóò sì yí po. Nídìí iṣẹ́ wa, a mọ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ kò ní ọjọ́ kì í kọ́kọ́ kó. Mo sọ ọ́ fún wọn. Àmọ́ Ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ fi ra àtamọ́rí, irun tí wọ́n ń dì mọ́ irun orí, ní ọ̀pọ̀ ní ọjà Balógun, kó lè máa tà á fún oníbàárà dípò kí oníbàárà mú tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Ìbò ni wọ́n fi yàn án. Òun kó ti oṣù Karùn-ún, Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kó ti oṣù Kẹfà, Ọmọ Abẹ́òkúta ni oṣù Keje kàn, Ọmọ Òṣogbo gbẹ̀yìn.

Oṣù Keje bọ́ sí ìdánwò. Oníbàárà tán. Àtamọ́rí wà nínú báàgì lábẹ́ ibùsùn, owó sì wà lára àtamọ́rí. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ karùn-ún kọjá, Ọmọ Abẹ́òkúta kó ₦15,000 dípò ₦20,000. Ó ti ṣèlérí owó ìrìnàjò ẹ̀kọ́ fún ẹ̀ka rẹ̀, ọjọ́ ìkẹyìn sì ti ń sún mọ́. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n tún ti ń bọ̀ wá sórí ìkòkò mẹ́rin. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ pè mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dá sí i, wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì."

Mo dé ibẹ̀, mo bá wọn tí wọ́n jókòó bí ará ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ní, "Owó mi ni mo fẹ́." Ọmọ Ìjẹ̀bú ní òun kò sá, òun kò sì ní in lọ́wọ́. Ọmọ Òṣogbo ló wá mú ọ̀rọ̀ kan wá tí mo fi gbóṣùbà fún un: ṣebí irun ni iṣẹ́ rẹ̀, kó di irun fún wa fi san gbèsè. Kíá ni wọ́n gbà, kíá náà ni ìjà kejì bẹ́ sílẹ̀. Èló ni a ó ka irun kan sí? Ṣé iye tí ọ̀rẹ́ ń san ni tàbí iye tí oníbàárà ń san? Àtamọ́rí ńkọ́, ta ló ni í? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Ọmọ Abẹ́òkúta ṣí ìborí rẹ̀. Orí rẹ̀ gé kúkurú, kò ju ti ọkùnrin lọ. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ rèé. Iye oníbàárà ni a kà á sí, torí ẹni tó bá ń san gbèsè pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ kí wọ́n tún rẹ́ ẹ jẹ lórí iṣẹ́ náà. A yọ owó àtamọ́rí kúrò, ẹni tó fẹ́ àtamọ́rí á rà á lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ lórí orí kan wá jẹ́ ₦2,500. Ọmọ Ìjẹ̀bú di irun Ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti ti Ọmọ Òṣogbo, àwọn méjèèjì tí wọ́n ì bá ti san owó yẹn fún onídìrí mìíràn kó ₦2,500 kọ̀ọ̀kan lé Ọmọ Abẹ́òkúta lọ́wọ́. ₦5,000 pé. Àwọn méjèèjì sì tún ra àtamọ́rí lọ́wọ́ Ọmọ Ìjẹ̀bú, owó díẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ti oṣù Kẹjọ, ó san ₦3,000 lọ́jọ́ rẹ̀, ₦2,000 tó kù tẹ̀lé e nígbà tí oníbàárà padà dé.

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ bi mí, torí àwọn oníbàárà mi ọ̀dọ́ náà ń bi mí. Ó ní nígbà tí áàpù ń fún èèyàn ní èlé, tí alájọ sì ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, kí ni èrè àjọ? Ó gbọ́n láti bi í. Bó bá ń dá ₦300 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, ₦9,300 ni. Mo yọ ₦300, ₦9,000 ni yóò kó. Áàpù ì bá fún un lé. Ewu àjọ náà wà: alájọ tó kówó sá lọ kì í ṣe ìtàn àtijọ́, bẹ́ẹ̀ owó báńkì, láti ọdún 2024, NDIC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tó wà ní báńkì, ti gbé iye tó dájú pé wọ́n máa san bí báńkì bá wó lulẹ̀ dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà, mílíọ̀nù méjì fún báńkì kéékèèké. Kò sí NDIC fún èmi. Ohun tí mo ń tà ni pé ẹnikẹ́ni ò lè fọ́ mi ní aago mọ́kànlá òru. Ẹni tó bá lè ti owó pa lórí fóònù kó má sì ṣí i, kó lọ síbẹ̀, yóò jèrè ju ọ̀dọ̀ mi lọ. Wọ́n ní orí ẹni pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Èèyàn gidi ni alájọ yẹn, ọdún 2012 ló kú, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi mọ́tò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò ò lè wọ̀, ẹnu ilẹ̀kùn oníbàárà sì ni owó rẹ̀ wà láàárọ̀ kó tó ná an.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gba ariwo. Láàárọ̀ wọ́n ń rìn. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọbìnrin kankan fi ₦200 ṣọ́wó kó wá máa rìn ní òpópónà lóru. ₦9,200 Ọmọ Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí nǹkan bí ₦4,500.

Oṣù Kẹjọ ni a tún jókòó ti àkáǹtì rẹ̀. Owó ìkòkò ₦15,000, èsúsú ₦5,000, dátà ₦4,000, ọkọ̀ ₦4,500, fọ́tókópì ₦3,800, oúnjẹ ìta ₦6,000, ọṣẹ àti irú rẹ̀ ₦2,400, àjọ lọ́wọ́ mi ₦9,300. ₦50,000 kan náà ni. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ lóṣù gbogbo o. Oṣù Kẹfà tí tòmátò jẹrà, kò dá àjọ tó ìdajì. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kó ₦24,600 lọ́wọ́ mi láàárín oṣù mẹ́rin, yàtọ̀ sí ₦20,000 èsúsú tó fi tún fóònù rẹ̀ ṣe.

Inú rẹ̀ dùn, ó sọ fún bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ₦40,000 ló wọlé.

Ó sunkún wá bá mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ni ín, àmọ́ ọmọ yìí fi ara ṣiṣẹ́ kó tó rí owó yẹn." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni kí n lọ bá?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òbí tó rí i pé ọmọ kan ti rọ́wọ́ mú díẹ̀ á yí ojú sí èyí tó kù, kì í ṣe ìkà. Síbẹ̀, bí ọmọ bá mọ̀ pé iye tí òun bá fi pamọ́ ni wọn yóò yọ nínú owó òun, kò ní fi pamọ́ mọ́, tàbí kó máa fi pamọ́ kó sì máa purọ́. Mo sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A gbà pé ₦45,000 ni yóò máa fi ránṣẹ́ láti oṣù Kẹwàá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ sọ àjọ rẹ̀ di ₦150 lójúmọ́, ó fi owó ìkòkò àti èsúsú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Èsúsú tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ kó, Ọmọ Ìjẹ̀bú ló wà lẹ́yìn pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó tún gba káàdì àjọ lọ́wọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni owó irun ń wọlé fún un, ó ní kò wá yé òun ìdí tí òun fi ń dúró dìgbà tí yóò pé ₦5,000 kí òun tó san án. ₦200 lójúmọ́ ló ń dá. Ní ìparí oṣù, ₦6,000 ni mò ń kó fún un, ó ń san èsúsú, ₦1,000 sì ń ṣẹ́ kù. Kì í dá ti Sọ́ńdè, ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa ń san méjèèjì pọ̀, ìgbà mìíràn Túsìdeè. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní máa gun òkè ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ₦200. Ó ní kí n dúró ní ìsàlẹ̀, òun á ju owó náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé.